Èbúté Salvador Nínú Ìwé Jorge Amado

Bí orúkọ Jorge Amado bá ti jẹ yọ láàrin àwọn tí ń ka ìwé, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni ìyìn ẹwà ìlú Salvador ní Bahia: ìlù, àkàrà, aṣọ funfun àwọn ìyálórìṣà, àti ọdún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù Fẹ́búárì. Ìyìn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí agbára òǹkọ̀wé náà wà. Èbúté ni Salvador kí ó tó di ibi ìran wíwò. Láti ọdún 1549 tí àwọn Potogí ti tẹ̀ ẹ́ dó, ohun tí ọkọ̀ ń kó wá àti ohun tí ọkọ̀ ń kó lọ ni ó ń bọ́ ọ, ènìyàn sì wà lára ẹrù náà. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń pè ní Nàgó. Irú-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ru ẹrù ní èbúté yẹn nígbà tí Amado wà ní ọ̀dọ́.

Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Salvador. Oko kòkó ní ẹ̀gbẹ́ Itabuna ni a bí i sí ní ọdún 1912; Ilhéus, èbúté kékeré kan ní gúúsù Bahia, ni ó sì ti dàgbà. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé àwọn àlùfáà Jésúìtì ní Salvador. Ó sá kúrò níbẹ̀. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ń bá ìwé ìròyìn ṣiṣẹ́, ó sì ti gbé inú ilé akúṣẹ̀ẹ́ kan ní Pelourinho. Ilé yẹn ni ó di ìwé Suor ní 1934. Ìwé tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú Jubiabá, tí ó jáde ní 1935, ọmọ òrukàn kan, Antônio Balduíno, kan ẹ̀ṣẹ́ jẹun, ó ṣe iṣẹ́ oko tábà, ó bá àwọn eléré kiri, kí ó tó di aláàárù ní èbúté. Babalórìṣà àgbàlagbà tí ìwé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó ń gba gbogbo àdúgbò nímọ̀ràn. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo, Yorùbá ni ó fi ń sọ ọ́. Òwe kan wà lẹ́nu rẹ̀ nípa ojú àánú àti ojú ìkà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé náà lọ́nà tí ó ṣàjèjì sí ojú, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kà á sókè, etí Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n láìsí ògbufọ̀.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, Balduíno dé ilé òrìṣà, ó ní Jubiabá mọ nǹkan púpọ̀ ṣùgbọ́n kò mọ ìyanṣẹ́lódì. Arúgbó náà sì tẹrí ba fún un bí ẹni pé Òrìṣà Olúfọ́n ni. Òǹkàwé Yorùbá yóò dúró níbí. Àgbà a máa tẹrí ba fún ọmọdé bí? Kọ́múníìsì ni Amado, ó sì dájú pé ohun tí ó ń wá ni láti fi ìyanṣẹ́lódì gba ipò òrìṣà. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó mú tako èrò rẹ̀. Bí àgbà bá tẹrí ba fún ọmọdé ní ilé òrìṣà, òrìṣà ni ó gùn ún. Kò sí ẹni tí yóò rí i tí yóò ní òrìṣà ti kúrò níbẹ̀. Ìwé náà ga ju ìpinnu ẹni tí ó kọ ọ́ lọ, ibí yìí gan-an ni ó sì ti ga jù.

Mar Morto ti 1936 jẹ́ ìtàn àwọn tí ń wa ọkọ̀ onígbòkun kiri ọ̀sà Bahia. Odò Ògùn ni a mọ̀ mọ́ Yemọja ní ilé; Olókun ni ó ni òkun. Nínú ìwé yìí Yemọja ni ó ni gbogbo omi, òun ni ìyá atukọ̀, òun sì ni aya tí akọni ń bá lọ bí ó bá kú sómi. Kì í ṣe Amado ni ó yí i padà. Àwọn ènìyàn Bahia ti yí i kí ó tó mú gègé. Ohun tí ó yẹ kí a bi í léèrè ni ìtàn Ọ̀rungan àti ìyá rẹ̀ tí ó fi sínú rẹ̀. Ìtàn náà ti wà nínú ìwé tí Ellis tẹ̀ jáde ní 1894, ó sì hàn nínú bí ó ti rí pé láti inú ìwé ni ó ti wá, kì í ṣe láti ẹnu atukọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè ba ìparí rẹ̀ jẹ́. Guma kú sómi. Ohun tí ó ń dúró de opó atukọ̀ ní èbúté yẹn ni iṣẹ́ àṣekúdórógbó tàbí iṣẹ́ aṣẹ́wó. Lívia kọ méjèèjì, ó di ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó tu ú sójú omi. Francisco arúgbó ń wò ó láti èbúté, Yemọja ni ó sì rí. Òrìṣà tí ó ń tukọ̀ jẹun nìyẹn.

Ìlú náà kò fi gbogbo ìgbà ṣe é lóore. Ní 1937 wọ́n dáná sun ìwé rẹ̀ ní gbangba ní Salvador. Ní 1945 wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin ìpìlẹ̀ Bùràsíìlì, òun ni ó sì mú àbá òmìnira ẹ̀sìn wọ inú òfin 1946. Síbẹ̀ àwọn ilé òrìṣà Bahia ṣì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá títí di 1976. Ilé Àṣẹ Ọ̀pọ́ Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, fi í jẹ oyè Arolu láàrin àwọn ìjòyè Ṣàngó, bí ó tilẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní aláìgbàgbọ́. Ó kú ní 2001.

Gabriela (1958) padà sí Ilhéus, níbi tí yanrìn ti dí ẹnu èbúté tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ọgbọ́n àti ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà àti olóko ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Nígbà tí ó sì kọ Dona Flor ní 1966, àwọn òrìṣà péjọ láti jà lórí òkú ọkọ obìnrin kan tí ó padà wá sílé, Èṣù sì ń gbèjà rẹ̀. Ìran náà dùn ún kà, ó pa ni lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá aláàárù nínú rẹ̀ yóò wá a títí.