Àwọ̀ Lẹ́nu Aláró

Bí oníbàárà bá gbé aṣọ funfun wá sí àgbàlá wa ní Abẹ́òkúta pé kí n bá òun pa á láró, ó ṣọ̀wọ́n kó sọ pé búlúù lòun fẹ́. Á ní, "Ìyá Aláró, ẹ jẹ́ kó dú bí ẹtù." Òmíràn á ní, "Ẹ má jẹ́ kó dú jù, Mà, kó ṣáà rí bí ìyẹ́ agbé." Ẹni tó ń múra ìkómọ lè ní àyìnrín ló wu òun. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Mo ti mọ bí aṣọ yóò ṣe wọ ìkòkò tó, bí mo ṣe máa nà án sátẹ́gùn láàárín ìrìbọ kan sí èkejì, àti owó tí mo máa gbà. Orúkọ ẹyẹ inú igbó ti di òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi. Ohun tó dá mi dúró nídìí iṣẹ́ yìí pọ̀, àmọ́ kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o.

Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá ní: funfun, dúdú àti pupa. Ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ń ṣe ná. Ọsàn pọ́n, a lè já a. Aṣọ pọ́n, ó tó fọ̀. Ojú pọ́n, ara onítọ̀hún kò yá. Ẹni tó rán ọmọ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò retí ohun tó rí bí èédú. Èyí tó ṣì tutù bí ewé ló ní kó rà. Nídìí aró, ọ̀nà jíjìn ni dúdú. Ewé wà lójú ọ̀nà náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n wà níbẹ̀, ojú ọ̀run tó ṣú wà níbẹ̀, aṣọ tí a ti rì títí tó fi ń kọ pupa bí bàbà lójú oòrùn náà wà níbẹ̀. Kí la ó wá fi yà wọ́n sọ́tọ̀? Ohun tí ojú gbogbo wa ti rí rí la fi ń yà wọ́n: ẹyẹ, èso, eérú. Odídẹrẹ́ ló wọ àwọ̀ eérú láti orí dé ìdí, kó tó wá fi pupa parí rẹ̀ níbi ìrù.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò kọ́ pé agbé ló gba aró, àlùkò gba osùn, lékeléke gba ẹfun. Wọ́n ń fi ṣàdúrà, wọ́n ń fi kọrin. Èmi ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí aláró, mo sì mọ̀ pé ojú tó mọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Agbé kì í ṣe ẹyẹ aláwọ̀ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti apá rẹ̀ rí bí aró tó mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àyà rẹ̀, aró yẹn ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ó ń di àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n, ó sì wá di pupa rúsúrúsú nísàlẹ̀ ikùn. Ẹni tó bá ti fa aṣọ yọ nínú ìkòkò aró ti rí irú rẹ̀.

Ewé èlú la fi ń ṣe aró tiwa. Èyí tó ṣì rọ̀ là ń já. A ó gún un, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sá a kó gbẹ. Omi eérú ló tẹ̀ lé e. A ó kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n lu ní ihò nídìí, a ó gbé e lé òmíràn lórí, a ó da omi sí i, omi yẹn á wá máa ro sísàlẹ̀, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Inú omi yìí ni èlú ń lọ, ibẹ̀ ni yóò ti kan fún ọjọ́ mélòó kan, títí ohun tó ń hó lórí rẹ̀ yóò fi máa dán. Àwọn ìyá tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Òórùn rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹ wá rì aṣọ báyìí. Bí ẹ bá fà á yọ, kò ní jọ aró rárá. Àwọ̀ ìyeyè tó ku díẹ̀ kó pọ́n ni yóò ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á di ewé. Ẹ má yíjú, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìyókù: etí aṣọ ni aró ti kọ́kọ́ ń hàn, á máa rìn wọ àárín, ibi tí aṣọ ti ká pọ̀ ni yóò kẹ́yìn. Kí aṣọ náà tó gbẹ, ó ti ti àyà agbé dé ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mo ti ń wò ó láti kékeré tó, mi ò tíì wò ó kó sú mi.

Ẹbí kan náà ni agbé àti àlùkò, èso igbó sì ni olórí oúnjẹ wọn. Pupa tó wà níyẹ̀ẹ́ apá ọ̀pọ̀ ẹyẹ nínú ẹbí yìí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Ní ọdún 1869, Arthur Church, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Ìlú Ọba, kọ̀wé nípa rẹ̀ pé bàbà wà nínú àwọ̀ náà, ó sì sọ ọ́ ní turacin. Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni pé pupa yìí máa ń ṣí sínú omi tó bá ní eérú tàbí ọṣẹ nínú. Omi eérú tó ń bá mi mú aró wọ aṣọ, òun kan náà ló ń gba pupa lára ẹyẹ. Osùn gan-an bẹ́ẹ̀ ló rí: ara là ń fi í kùn, kì í di mọ́ aṣọ bí aró ṣe ń di mọ́ ọn. Àwọn tó fi osùn fún àlùkò kò rí ìwé Church, àmọ́ wọ́n fi àwọ̀ tó ń ṣí fún ẹyẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Títí di òní, elésè àlùkò là ń pe aṣọ tó wà láàárín pupa àti aró.

Lékeléke ni mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lé lórí. Funfun rẹ̀ kò lábàwọ́n lójú ọmọdé tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní èékánná funfun, ṣùgbọ́n bí àsìkò àtiyé ẹyin bá dé, orí rẹ̀, àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀. A kò torí ìyẹn gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dání. Ní Bahia, nínú ẹ̀sìn Candomblé, ẹfun, osùn àti wájì ni wọ́n ṣì fi ń kun ẹni tí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó òrìṣà, orúkọ wa náà ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Ìkó odídẹ, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́ yẹn, wà níwájú orí onítọ̀hún. Ekodidé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Mestre Didi, òǹkọ̀wé ará Bahia, fi ìyẹ́ yìí ṣe odidi ìwé kan ní ọdún 1966. Wájì yẹn, ara aró ni. Bí mo bá rántí pé ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ nídìí ìkòkò ti la òkun kọjá, tí kò sì bọ́ lẹ́nu àwọn tó gbé e lọ, orí mi máa ń wú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹtù. Nínú aṣọ òfì àwọn àgbà, sányán, àlàárì àti ẹtù, ẹtù nìkan ló gba orúkọ lọ́wọ́ ẹyẹ. Kókó tí kòkòrò hun nínú igbó ni òwú sányán. Òwú àlàárì sì gba aṣálẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òwú ẹtù jẹ́ ti ilé. Ẹ mú ìyẹ́ ẹtù kan lọ́wọ́: ilẹ̀ rẹ̀ dú, àmì funfun tó kéré wọ́ lé e lórí ní ìlà ìlà. Ohun tí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń ṣe nìyẹn tó bá na òwú dúdú lọ tí ó ń fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ là á. Nítorí náà, ẹni tó ní kí aṣọ òun dú bí ẹtù kò ní kí n dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Dúdú tó ń jẹ́ kí funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là yọ ló ń béèrè. Tí aró bá ti rẹ̀, tí a wá fi àgídí rì í léraléra, aṣọ á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kò ní dú bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tuntun ló ń fún wa ní ẹtù.

Nídìí aṣọ ẹbí òde òní, àwọ̀ tó ń jáde pọ̀ lọ bíi rẹrẹ: àlùbọ́sà, lẹ́múùnù, wáìnì, tíìlì. Àwọn àgbà kan ń bínú sí i. Èmi ò bínú. Ohun tí à ń jẹ, tí à ń mu, tí à ń rí náà ṣì ni. Tíìlì tí àwọn ọmọ ń dá lẹ́nu pàápàá, pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan ló ni ín nílẹ̀ àwọn òyìnbó, ẹyẹ tí ilà aró àti ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin kan fi fọ́tò àwọ̀ yìí hàn mí lórí fóònù ní ọjà Ìtòkú, mo ní, "Agbé lò ń wá, ọmọ mi." Mo pa á fún un, ó sì bá aṣọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu.

Ti èso náà wà. Olómi ọsàn ti wọ gbogbo ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń béèrè bóyá omi ọsàn mímu ni tàbí ti àgbálùmọ̀, nítorí èkejì ṣókùnkùn jù ú lọ. Obì kì í ṣe orúkọ nìkan ní tiwa, iṣẹ́ ló ń ṣe: a ń fi í pa àdìrẹ tó pọ́n bí amọ̀. Ẹ gé obì kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á fi àwọ̀ tí aṣọ máa ní hàn yín.

Àmọ́ nínú àdìrẹ oníko, eléso ni mo fẹ́ràn jù. Kóró èso la ó fi sínú aṣọ, a ó fi ìko so ó lọ́rùn le, ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, kí a tó rì í. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí nítorí ó yá, ojú rẹ̀ sì dára. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń lò ó. Kóró gidi ni mo ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni, torí kò sí èyí tó jọ èkejì: kóró ìṣin á yọ ojú roboto, ti àgbálùmọ̀ á yọ ojú gígùn tó ṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbálùmọ̀ ń pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹni tó bá mọ eléso dáadáa lè na aṣọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, kó fọwọ́ ra ojú rẹ̀, kó sì sọ àsìkò tí wọ́n so ó nínú ọdún.