Orin Tàkasúfèé lédè Yorùbá: Ìtúpalẹ̀ Ipa Àwọn Olórin Híp-họ́pù lórí Èdè àti Àṣà

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ló gbà pé orin tàkasúfèé ń ba èdè Yorùbá jẹ́. Iṣẹ́ yìí yẹ ẹ̀sùn náà wò nípa iṣẹ́ Lord of Ajasa, Dagrin, Olamide àti Reminisce. Àkíyèsí wa ni pé àwọn olórin wọ̀nyí ń pa ohùn èdè mọ́ ju àwọn orin kan tí à ń yìn lọ, wọ́n sì ń lo ọnà-èdè tí a jogún lẹ́nu àwọn akéwì àtijọ́. Ibòmíràn ni àléébù wọn wà, ìyẹn nínú ohun tí àwọn orin kan ń gbé lárugẹ. A dábàá pé kí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ mú orin yìí wọ kíláàsì, kí a sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀.

Ìfáárà

Kò sí ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lónìí tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí yóò ṣàjèjì sí. A ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, yóò wolẹ̀. Bí a bá kọjá níwájú ilé tí wọ́n ń gbé lálẹ́, a ó gbọ́ ọmọ kan náà tí ó ń ka orin Olamide láti òkè délẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Àwa àgbà a mi orí, a ní ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa: kí ló dé tí èyí tí a kọ́ ọ kò fi dúró lórí rẹ̀, tí èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ sì dúró?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya ju bí ó ti kan àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó wà nílé lọ. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kano, Kaduna tàbí Jos sábà máa ń fi Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Nínú àwọn tó ń kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wa, a ti rí àwọn tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ẹnu òbí wọn, inú orin wọ̀nyí nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ èdè náà lójoojúmọ́. Bí a bá lé orin yìí jáde, kí ni a ní tí a ó fi dípò rẹ̀ létí wọn?

Bí orin náà ṣe di tiwa

Híp-họ́pù kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá. Àdúgbò Bronx ní ìlú New York ni wọ́n sábà ń tọpa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé, níbi àríyá kan tí DJ Kool Herc ti lu àwo ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973. Nígbà tí ó dé Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ gbé e lárugẹ fi ń kọ ọ́, wọ́n a sì máa fa ohùn bí ará Amẹ́ríkà. Àwọn Yorùbá sọ ọ́ lórúkọ tiwọn, wọ́n pè é ní tàkasúfèé, orin àwọn tó ń ta ìka, tó ń sú fèé. Àwàdà wà nínú orúkọ yìí, ẹ̀gàn sì lúgọ sábẹ́ rẹ̀. Orin àwọn tí kò níṣẹ́ ni etí àgbà gbọ́ nínú rẹ̀.

Lord of Ajasa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé a lè fi Yorùbá rápù kí ó sì yọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Dagrin tẹ̀lé e. Àwo rẹ̀, C.E.O, jáde ní ọdún 2009. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, ó kú lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ìlú Èkó. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ àwo yẹn dáadáa. Ó gba oyè tí àwọn olórí iléeṣẹ́ ńlá ń jẹ́, ó sì sọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn di Ọmọ Ìta. Ẹni tí ìlú kò kà sí ló jókòó sórí àga ọ̀gá yẹn. Olamide, ọmọ Bariga, gbé Rapsodi jáde ní 2011. Reminisce gbé Book of Rap Stories jáde ní 2012 àti Alaga Ibile ní 2013. Orúkọ àwo kejì yìí náà sọ ipò ìjọba di oyè olórin. Ìfọ̀rọ̀dárà ni èyí, kò sì jìnnà sí ohun tí àwọn oníjálá àti oníràrà ń fi orúkọ ṣe.

Ǹjẹ́ wọ́n ń ba èdè jẹ́?

Ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Igba, igbá, ìgbà àti igbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ìdí nìyí tí T. K. Ekundayo Phillips, olórin ìjọ ní Èkó, fi kọ̀wé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ó sì mẹ́nu ba ìjà tó wà láàárín ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ orin àwọn Òyìnbó nínú ìwé orin ìsìn, ohùn orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ sì yí padà. A ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìfi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni pé ó ń ba èdè jẹ́.

Rápù yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀rọ̀ sísọ lórí ìlù ni. Olórin kò ní ohùn orin mìíràn tí yóò fipá mú ọ̀rọ̀ tẹ̀lé. Nítorí náà, ohùn èdè ń dúró síbi tí ó yẹ kí ó wà. A dán èyí wò ní kíláàsì wa. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn sórí àyọkà inú ìwé, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi sórí ìlà orin tí wọ́n ti há sórí. Àwọn tó ń fi àmì ṣeré lórí àyọkà ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí orin, nítorí pé etí wọn ti gbọ́ ọ kí ọwọ́ wọn tó kọ ọ́.

A kò sọ pé gbogbo wọn ló mọṣẹ́. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje péré ni Yorùbá ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Kí ìparí ìlà méjì jọ ara wọn kò nira rárá, kò sì yẹ kí a fi ìyẹn nìkan yin ẹnikẹ́ni. Ọnà-èdè ni ìwọ̀n tó yẹ, irú èyí tí Ọlátúndé Ọlátúnjí tò sínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn ní ọdún 1984: àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà àti àwọn mìíràn. Olórin tó gbójú lé ìró ìparí nìkan, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dí gbogbo àlàfo, aláìnírònú ni.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò tí wọ́n ń lò ńkọ́? Àwọn baba wa ní ẹ̀nà, èdè tí ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ nìkan ń gbọ́. Ọmọ ìta náà ní tirẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, tirẹ̀ a di ti gbogbo ayé. Naira Marley kọ orin kan tí ó pè ní Japa ní 2018. Nígbà tó di 2025, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. A kò sọ pé olórin ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n orin wà lára ohun tó gbé e rìn.

Ibi tí àléébù gan-an wà

Bí a bá ti mú ẹ̀sùn èdè kúrò, èyí tó kù kò kéré. Ní 2014, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹnu àtẹ́ lu orin Olamide tí ń jẹ́ Story for the Gods, wọ́n ní ó fi ìfipábánilòpọ̀ ṣeré. Ní 2017, Iléeṣẹ́ Ètò Ìlera Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé fídíò orin rẹ̀, Wo, tako òfin tó de lílo tábà. Àwọn orin mìíràn wà tí wọ́n ń ki oníjìbìtì bí ẹni ń ki jagunjagun.

Àwọn kan yóò ní èébú kì í ṣe tuntun nínú orin Yorùbá. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo èfè, orin tí à ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láàárín àwọn Kétu àti Ẹ̀gbádò. Ẹlẹ́fẹ̀ ń bú olè, ó ń bú ìjòyè, ó ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu bú ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá. Èébú rẹ̀ ń tún ìlú ṣe. Olórin tó sọ obìnrin di ohun ìṣeré ti yọwọ́ ìbà kúrò, ó mú èébú nìkan. Ohun tí ó jogún kò pé, àwa tó yẹ kí a fún un ní ìyókù ni a sì ń lé e lẹ́nu ọ̀nà.

Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

A dábàá nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí a fi orin tàkasúfèé tí olùkọ́ ti yẹ̀ wò kọ́ àmì ohùn àti ọnà-èdè. Èkejì, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èfè, ìjálá tàbí rárà, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ rí ohun tí a jogún àti ohun tí ó sọnù. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi òfin dé orin tó ní àléébù mọ́ wọn lẹ́nu. Kí a mú un wá sójútáyé, kí a bi wọ́n pé: èébú yìí, ta ni ó ń bá wí, ta ni ó sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ọmọ tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ní kíláàsì yóò lè bi ara rẹ̀ nílé ijó, yóò sì lè bi àwọn tí òun náà bá kọ́ lọ́la.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohùn tí àwọn ọmọ yìí ń pa mọ́ wúlò fún wa. Ìbà tí àwa mọ̀ wúlò fún wọn.