Àwo Ìràwọ̀ tí a Wò Láti Ẹ̀gbẹ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ van der Kruit àti Searle

Láàárín ọdún 1981 sí 1982, Pieter van der Kruit àti Leonard Searle gbé ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe tò nínú gálásì. Gálásì ni àgbájọ ìràwọ̀, gáàsì àti eruku tí agbára òòfà so pọ̀. Èyí tí ó ní apá yíyí máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Àwọn onímọ̀ méjèèjì mú èyí tí ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ayé, bíi NGC 891 tí ó jìnnà tó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni sísanra àwo ti hàn.

Ohun méjì ni wọ́n tẹnu mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí òde: ní gbogbo ìwọ̀n gígùn kan, ó ń kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ bá tó nǹkan bíi mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ já lójijì. Èkejì ni pé sísanra àwo kò yí padà láti àárín dé etí. Èyí yani lẹ́nu. Agbára òòfà kò le ní òde bí ó ti le ní àárín, ó sì yẹ kí ìràwọ̀ òde fò sókè jù ti àárín lọ. Kí sísanra tó lè dúró sójú kan, àfi kí ìsáré ìràwọ̀ sókè-sódò náà máa rẹlẹ̀ bí a ti ń lọ sí òde.

Àléébù iṣẹ́ náà wà nínú ọ̀nà ìwòran fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà Badagry ní Okokomáìkò lálẹ́, tí ó ń wo iná ọkọ̀ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò rí i pé iná tí ó wà nítòsí àti èyí tí ó wà lọ́nà jíjìn ti wọ inú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìràwọ̀ NGC 891 rí lójú awò, eruku sì tún dí àárín rẹ̀. Ní 1997, de Grijs àti Peletier fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwo ń sanra sí i bí a ti ń lọ sí òde, pàápàá nínú gálásì tí àárín rẹ̀ wú. Ìdúró-sójú-kan tí àwọn méjì náà sọ jẹ́ ìfojúdíwọ̀n rere. Kì í ṣe òfin.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá ló le jù. Ní 1983, Gilmore àti Reid rí àwo kejì tí ó nípọn nínú gálásì tiwa, ìràwọ̀ àgbà ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣé gálásì kékeré tí tiwa gbé mì ló da ìràwọ̀ wọ̀nyí rú, àbí inú gáàsì tí ń ru gùdù ni a ti bí wọn? Àwòrán ẹ̀gbẹ́ nìkan kò lè dáhùn, nítorí kò sọ ọjọ́ orí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ tí ń gba ẹ̀kọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, tí kò jìnnà sí Ìbà, yóò nílò ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì. “Àwo” bá a mu, bí a bá fi àmì ohùn sí i kí ó má di awò tàbí awo. Ṣùgbọ́n àwo ìjẹun le koránkorán, ó sì ní etí tí ọwọ́ ń bà. Ìràwọ̀ kò so mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní ipa tirẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Etí yẹn gan-an sì ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí.