Ènìyàn Kékeré Lára Igi Ńlá

Lọ́dún 1861, ayàwòrán Carleton Watkins kó kámẹ́rà rẹ̀ wọ igbó Mariposa ní ìpínlẹ̀ California. Ìbaaka ló ru ẹrù náà, nítorí pé dígí tó fi ń gba àwòrán tó íǹṣì 18 ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tó 22 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí dígí bá ṣe tóbi tó ni fọ́tò ń tóbi tó láyé ìgbà náà. Ọ̀kan nínú igi tó yà ni sequoia tí wọ́n ń pè ní Grizzly Giant, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Galen Clark sì dúró ní ìdí rẹ̀. Orúkọ tí Watkins fún àwòrán náà sọ fún wa pé igi ọ̀hún fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 33. Kò mẹ́nu ba gíga rẹ̀ rárá. Lójú tèmi, ayàwòrán náà mọ ohun tí fọ́tò rẹ̀ lè jẹ́rìí sí. Ẹni tó bá dúró ní ìdí igi ń bá wa wọn ìdí ni. Ẹ̀rí rẹ̀ kò dé òkè.

Ìṣirò kékeré kan á là á yé wa. Ká ní ayàwòrán dúró ní ọgbọ̀n mítà sí igi tó ga ní mítà 90. Ọgbọ̀n mítà àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ á gba nǹkan bíi dígírì 45 lójú rẹ̀. Ọgbọ̀n tó tẹ̀ lé e á gba 18. Ọgbọ̀n tó kángun sí ṣóńṣó á gba 8 péré. Apá tó ya ènìyàn lẹ́nu jù lára igi ni ojú ń rẹ́ jẹ jù. Bó bá wá gbé ojú kámẹ́rà sókè kó lè mú orí igi, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì igi á máa súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń lọ sókè, igi á sì dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Àwọn àgbà ayàwòrán ní ọgbọ́n kan: wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀yìn kámẹ́rà dúró ṣánṣán, lẹ́ńsì nìkan ni wọ́n á tì sókè. Igi á nàró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì ní ibi tó lè sún dé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ní láti fà sẹ́yìn, bí a bá sì fà sẹ́yìn nínú igbó, igi mìíràn á bo èyí tí a wá yà.

Àwọn fọ́tò àwọn agégi tí Darius Kinsey yà ní ìpínlẹ̀ Washington kò bọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ọkùnrin ńláńlá dùbúlẹ̀ sínú ihò tí àáké gbẹ́ sí ìdí igi, ojú wọn le koko. Mo fẹ́ràn wọn, àmọ́ àwòrán ìṣẹ́gun ni wọ́n: orí igi kò sí nínú wọn.

Michael Nichols ló gba ọ̀nà mìíràn. Fún ìwé ìròyìn National Geographic ti oṣù kẹwàá 2009, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi okùn sọ kámẹ́rà mẹ́ta kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú redwood kan tó ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300. Fọ́tò 84 ni wọ́n so pọ̀ di ẹyọ kan. Ní gbogbo ibi tí kámẹ́rà dé, iwájú igi gan-an ló kọjú sí, nítorí náà ẹni tó wà lókè igi nínú àwòrán náà tóbi tó ẹni tó wà nílẹ̀. Àwọn kan á ní irọ́ ni, pé kò sí ibi tí ènìyàn lè dúró sí tí á rí igi bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì ní ohun tó bá a lọ: ọrùn kò dun ẹni tó ń wo àwòrán yìí, òòyì kò sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí a yà láti ibi kan ṣoṣo kò ṣàìpurọ́. Ìdá mẹ́ta igi tó dọ́gba ló sọ di 45, 18 àti 8.

Èyí tí Nichols tún gbé jáde lọ́dún 2012 ló wù mí jù. Sequoia tí wọ́n ń pè ní The President ni, ẹsẹ̀ bàtà 247, fọ́tò 126, nínú yìnyín. Igi náà kúrú sí redwood ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó tóbi jù ú lọ lójú, nítorí ìgbà tí a ń rí àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Nínú fọ́tò tí a sábà ń rí, arìnrìn-àjò afẹ́ a máa dúró ní àárín, á na ọwọ́ méjèèjì, á sì ti fún wa ní ìdáhùn kí a tó béèrè. Nínú àwòrán ti Nichols, igi nìkan ni a kọ́kọ́ rí, ó sì jọ igi tí a ti rí rí. Ojú á máa rìn káàkiri ẹ̀ka títí yóò fi kọsẹ̀ lára agùngi kan tó so mọ́ okùn. Ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di igi ńlá lójú ẹsẹ̀, gbogbo ohun tí a ti rò nípa ìtóbi á sì wó lulẹ̀. Ayàwòrán kò lè fi lẹ́ńsì kankan ra ìdádúró yẹn. Ibi tó fi ènìyàn sí ló ń mú un wá. Àwòrán náà tún nílò ìwé fífẹ̀. Ojú ewé ìwé ìròyìn náà ń ṣí jáde, ó tún ń ṣí. Lórí fóònù, agùngi náà kò ju ẹyọ ìdọ̀tí kan lọ, idán sì bà jẹ́.

Igi tó ga jù láyé ni Hyperion, redwood tí wọ́n ṣàwárí lọ́dún 2006 ní California, tó lé ní mítà 115. Àwọn olùwòran tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ fi ti agbègbè náà pa lọ́dún 2022. Àwọn aláṣẹ náà sọ ọ́ gbangba pé ìdí igi yìí kéré sí ti ọ̀pọ̀ redwood àgbà, pé ẹni tó wà nílẹ̀ kò sì lè rí gíga rẹ̀. Ìdí igi yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ olùwòran dúró tì láti ya fọ́tò.