Ohun Tí Etí Gbọ́ Tí Ọkàn Kò Mọ̀

Ìwé tí Leibniz, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ láti fi dá John Locke tó jẹ́ onímọ̀ bíi tirẹ̀ lóhùn pẹ́ kó tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Ọmọ Jámánì ni Leibniz, àmọ́ èdè Faransé ló fi kọ ìwé náà, Nouveaux essais. Nígbà tí Locke kú ní 1704, Leibniz ní kò wu òun láti máa tako òkú ní gbangba, ó sì gbé ìwé náà tì. Ọdún 1765 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó ti lé ní ogójì ọdún tí òun náà ti kú.

Locke gbà pé kò sẹ́ni tó lè máa ronú kó má mọ̀ pé òun ń ronú. Leibniz ní irọ́ ni. Ó ní ní gbogbo ìgbà ni àìmọye nǹkan kéékèèké ń kan ọkàn wa tí a kò fura: òmíràn kéré jù, òmíràn ti mọ́ wa lára. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń já láti orí àpáta kì í kọbi ara sí ariwo rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ omi kò dákẹ́, etí onítọ̀hún kò sì di.

Ọ̀rọ̀ oorun ló wọ̀ mí lára jù nínú ìwé náà. Leibniz ní kò sí ariwo tó lè jí ẹni tó sùn bí onítọ̀hún kò bá ti máa gbọ́ díẹ̀ díẹ̀ kó tó jí. Ẹ wo abiyamọ: òjò á máa dà lórí páànù, kò ní mira, ọmọ á kàn rọra kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dìde jókòó. Ta ló jí sílẹ̀ nínú rẹ̀ tó mọ ohùn ọmọ yàtọ̀ sí ti òjò? Èmi kò rí bí Locke ṣe lè dáhùn èyí.

Àpẹẹrẹ òkun tó sọ ìwé náà di olókìkí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Leibniz ní bí a kò bá gbọ́ ìgbì kọ̀ọ̀kan, a kò lè gbọ́ ariwo òkun, torí pé ọ̀kẹ́ márùn-ún òfo, òfo náà ni. Ó dùn létí, àmọ́ Aristotle ti fèsì sí irú rẹ̀ tipẹ́, nígbà tó ń dá Zeno lóhùn, ẹni tó ní bí òkìtì jéró bá dún nígbà tó já bọ́ sílẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ dún. Ó ní bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ fa ọkọ̀ ojú omi tó sì lọ, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ṣoṣo lè sún un rárá. Ìgbì púpọ̀ lè dé inú ọkàn kí ẹyọ kan má dé ibẹ̀. Ó dùn mí pé Philalethes, tó ń gbẹnu sọ fún Locke nínú ìwé náà, kò bi í léèrè bẹ́ẹ̀. Ó tètè máa ń gbà.

Àwọn kan fẹ́ fi Leibniz ṣe baba Freud, torí pé Freud náà sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lọ́kàn wa tí a kò mọ̀. N kò gbà. Ohun tí Freud ń sọ, ọkàn ló tì í mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú tàbí ẹ̀rù. Ti Leibniz kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Kíkéré ló kéré. Síbẹ̀ ó ní àwọn nǹkan kéékèèké náà ló ń tì wá, títí dórí pé ká yà sọ́tùn-ún dípò òsì.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni bí nǹkan kékeré ṣe ń di mímọ̀. Leibniz mú ìmàdò ṣe àpẹẹrẹ: ó ti ń rí ènìyàn lásán tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ẹni náà pariwo mọ́ ọn ló tó fiyè sí i, tó sì kọjú sí i tààrà. Kí ló yí padà nínú ìmàdò náà? Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kọjá lọ, ibẹ̀ gan-an ni ìbá sì dúró sí pẹ́ jù lọ.