Ọwọ́ Òsì Onílù

Bí onídùndún bá wọ agbo lóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ara kọ̀ǹgọ́ ni ojú èrò máa ń wà. Ọ̀pá tó tẹ̀ lórí yẹn ń fò sókè sódò, ṣaworo ń ró, owó ń bọ́ níwájú orí onílù. Ọwọ́ òsì lèmi máa ń wò.

Èjìká òsì ni ìyá ìlù fi kọ́, ó wá sinmi lẹ́bàá ìbàdí. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ló di kọ̀ǹgọ́ mú, àwọn ìka yòókù kàn rọra gbè é lẹ́yìn ni. Ọrùn ọwọ́ ló ń ju igi. Ẹni tó bá dì í mú pinpin, igi ò ní ta padà lójú awọ, ohùn ìlù á sì kú. Ara ọsán ni ọwọ́ òsì wà ní tirẹ̀, àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bó bá fún ọsán, ojú ìlù á le, ohùn á ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀.

Ẹ ní kí onílù fi ìlù pe Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, kó má pa fáwẹ́lì kankan jẹ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kọ̀ǹgọ́ máa kan awọ lórí ìlú kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọwọ́ òsì á dẹ ọsán lẹ́ẹ̀mejì, á fún un lẹ́ẹ̀kẹta, á dẹ̀ ẹ́ dé ààbọ̀, á tún fún un. Bó bá jẹ́ Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀ẹ̀kejì nìkan ló máa fún un. Mẹ́ta tó kẹ́yìn á wálẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún ò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

“Náà” tún gba ọgbọ́n ju ìyẹn lọ. Kọ̀ǹgọ́ á bà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ọsán ṣì le, kí ohùn tó parẹ́, ọwọ́ òsì á ti tú u sílẹ̀. Bó bá yá jù, “nà” la máa gbọ́. Bó bá pẹ́ jù, “ná” ni.

Àwọn onílù ológun ilẹ̀ Yúróòpù náà gbé ìlù kọ́ ẹ̀gbẹ́ rí. Torí pé ìlù náà fì, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè kí wọ́n tó lè mú igi, àwọn onílù jáàsì kan sì ń mú un bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló ń lù níbẹ̀, bíi ti gúdúgúdú wa tó rọ̀ mọ́ ọrùn, tí a ń fi bílálà méjì lù.

Nílé àyàn, omele lọmọdé ń kọ́kọ́ gbé. Ọwọ́ ọ̀tún á tètè mọ ìlù. Ní ti ọwọ́ òsì, ẹni tí kò gbọ́ oríkì ilé onílé yé kò lè mọ ibi tó yẹ kó ti tú ọsán sílẹ̀.