Orúkọ Nínú Ìwé Èrò Ọkọ̀ Ojú Omi: Àtúnkà Ìtàn Annie Moore ní Ojú Lámèyítọ́

1. Ìfáàrà

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀kẹ́ àìmọye ará Yúróòpù ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Òfin kan tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní 1819 ni ó sọ ọ́ di dandan fún ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti kọ orúkọ àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n ti wá, kí ó sì fi ìwé náà lé àwọn aṣọ́bodè lọ́wọ́. Ìwé wọ̀nyí ni àwọn ọmọ-ọmọ ń tú wò lónìí nígbà tí wọ́n bá ń wá orírun wọn. Èrò tí iṣẹ́ yìí dúró lé lórí ni pé àkọsílẹ̀ bí àkọsílẹ̀ yòókù ni ìwé èrò ọkọ̀: ó ní ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ka orúkọ lásán nínú rẹ̀ lè gbé ìtàn ọlọ́mọ fún ẹlòmíràn.

2. Ta ni ó kọ ìwé náà?

Ìtàn kan gbilẹ̀ láàrin àwọn ìdílé Amẹ́ríkà pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ellis Island ni ó yí orúkọ babańlá àwọn padà. Bí a bá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀, ìtàn yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra ni àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti kọ ìwé náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ Ellis Island ń ṣe ni pé kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu èrò wé ohun tí ó ti wà nílẹ̀, ògbufọ̀ a sì máa ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ tí ó yí padà, àwọn tí ó ń jẹ́ ẹ ni ó yí i lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀lú tán, nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí àdúgbò. Kí wá ni ó mú kí ìtàn náà má kú? Ó rọrùn fún ọmọ láti sọ pé ìjọba gba orúkọ lọ́wọ́ baba àgbà ju kí ó sọ pé baba àgbà fúnra rẹ̀ ni ó gbé e jù sílẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé náà ṣe pàtàkì bákan náà. Kì í ṣe nítorí ìtàn ìdílé ni. Òfin 1893 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kí wọ́n máa bi èrò léèrè ìbátan tí ó ń lọ bá àti ibi tí onítọ̀hún ń gbé.

3. Annie Moore méjì

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, 1892, tí Ellis Island ṣí, Annie Moore, ọmọbìnrin ará Cork ní Ireland, ni èrò àkọ́kọ́ tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ Nevada ni ó gbé òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, Anthony àti Philip, wá. Àwọn òbí wọn ti ṣáájú wọn dé New York. Wọ́n fi owó wúrà dọ́là 10 ta á lọ́rẹ. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ọjọ́ náà gan-an ni ó pé ọmọ ọdún 15, bẹ́ẹ̀ ni ó ti di ọmọ ọdún 17.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé Annie yìí kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ó fẹ́ ọkọ ní Texas, ó sì kú síbẹ̀. Ìran obìnrin ará Texas yìí ni wọ́n ń pè síbi ayẹyẹ. Ní 2006 ni Megan Smolenyak, olùtọpinpin ìtàn ìdílé, fi hàn pé ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n bí obìnrin náà sí. Kò bá ọkọ̀ Nevada dé. Annie tòótọ́ kò kúrò ní New York. Ó fẹ́ Joseph Augustus Schayer, ọmọ ará Jámánì kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kú ní kékeré. Òun náà kú ní 1924. Ibojì rẹ̀ kò ní àmì kankan títí di 2008.

Àṣìṣe yìí kò ti ọwọ́ akọ̀wé ọkọ̀ wá. Ọmọ ìyá mẹ́ta ni ó kọ sílẹ̀. Àwọn òǹkàwé ni ó mú ọ̀kan, tí wọ́n fi méjì sílẹ̀. Ìwé tí ó sọ Philip di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún àwọn olùwádìí. Ó sì hàn pé ìtàn Texas wu etí: ẹni tí ó dé, tí ó tún tẹ̀ síwájú lọ sí ilẹ̀ gbalasa. Obìnrin tí kò kúrò láàrin ìlú, tí àbíkẹ́yìn ń kú mọ́ lọ́wọ́, kò dùn-ún rò níbi ayẹyẹ.

4. Ilé là ń wò

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń ka ìwé ọkọ̀ nípa àwọn Yorùbá pẹ̀lú. Ní Freetown, níbi tí Àjàyí tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1822, àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn. Ipò àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ sí ti Annie, nítorí wọn kò fi ìfẹ́ inú ara wọn wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro òǹkàwé jọra. Àjàyí tàbí Òjó ń sọ bí a ṣe bí ọmọ. Kò sọ ilé tí a bí i sí. Oríkì orílẹ̀ ni ìbá sọ ọ́, akọ̀wé kò sì ní àyè fún un nínú ìwé rẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó ti orúkọ bẹ̀rẹ̀, tí ó ń wá ilé bọ̀, kò gbọdọ̀ fi ilé sílẹ̀ láìwò. Ó yẹ kí ó bèèrè ta ni ó kọ ìwé, kí ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́, àti àwọn wo ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí ó rí. Bí kò bá rí ìwé kejì tí ó gbe ti àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀, ó sàn kí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní gbangba ju kí ó fi ìtàn tí ó wù ú dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tí a ń pọ́n Annie kan lé fún ohun tí kò ṣe, inú ibojì tí kò ní òkúta ni èkejì wà.